Wáyà Tó Ń Lọ Tí Kì Í Bọ̀

Títí di òní, bí mo bá gba inú àdúgbò Gomari kọjá, ẹnìkan á ṣì dá mi dúró láti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀yin oníkébù, ẹ fa wáyà wọlé wa tán, tẹlifíṣọ̀n nìkan lẹ ń kó gba inú rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Mo ní ìdáhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáhùn rẹ̀, ẹnu mi sì ti mọ́ ọn débi pé mo lè máa sọ ọ́ kí n sì máa ro ohun tí mo fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mi ò purọ́ fún oníbàárà kankan rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ni mo purọ́ fún, òun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Maiduguri ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó ta aṣọ títí ó fi kú, wọ́n sì sin ín síbí. Hausa la fi ń ṣeré, òun náà la fi ń jà. Yorùbá la fi ń bá Màmá sọ̀rọ̀ kó má baà pariwo lé wa lórí. Àbúrò mi kò rí ọ̀kankan sọ nínú méjèèjì. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí yírùnyírùn kọ lù ú ní àkókò ooru, àìsàn tí àwọn aládùúgbò wa ń pè ní sankarau. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lọ.

Màmá ni kò gbà pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní, wọ́n sì fi ọwọ́ dá èdè tiwọn sílẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn adití nílé ìwé. Màmá kò mọ̀wé, kò sì mọ̀ pé irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan yọ̀ lórí èkejì, ìrìn àjò ló ń sọ. Bó bá gbé ìkúùkù lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí o dúró de òun. Bó bá so ìka ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lókè orí, ilé ni. Orúkọ tèmi kò gba ọwọ́ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ mi á kàn fa etí ara rẹ̀, torí pé nígbà tí a wà lọ́mọdé, etí àbúrò mi ni mo máa ń fà bí mo bá fẹ́ kó wo ojú mi. Mo sì máa ń fà á gan-an, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Èmi náà gbọ́ èdè ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wúwo nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ aládùúgbò lójú aládùúgbò, kí onítọ̀hún sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ fìlà. Abẹ́rẹ́ ló fi ń ṣe ọnà sára wọn, irú fìlà tí àwọn ọkùnrin Borno ń dé lọ kírun Jímọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé àwọn ará Shehuri, níbi tí ààfin wà, tí wọn ò ṣaláìní oníṣẹ́ fìlà tiwọn, máa ń wá a wá sí Gomari. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Ogójì ìṣísẹ̀ ni. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ogójì yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Alhaji kan ló ni ilé-iṣẹ́ kébù náà, ọmọ Kanuri, èèyàn jẹ́ẹ́ tí òun àti bàbá mi ti jọ mọra láti ọjà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń gun òpó. Nígbà tó yá, mo di ọ̀gá àwọn tó ń gun òpó. "Injiniya" ni Alhaji máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí mi kò dé ibẹ̀ yẹn. Àwọn àwo díṣì ńlá wà lórí òrùlé wa tó ń mú àwòrán láti ojú ọ̀run. A ó kó àwòrán náà sínú wáyà, wáyà á sì gbé e láti òpó dé òpó àti láti ilé dé ilé. A ti wọ gbogbo Gomari, a wọ apá kan Shehuri, a sì ti ń nawọ́ sí Fori níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ ilé tuntun lójoojúmọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn kí n máa kọjá lójú pópó lásìkò bọ́ọ̀lù, kí n máa gbọ́ igbe kan náà láti inú ogún ilé, kí n sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló gbé e débẹ̀.

Nígbà tí orúnkún Màmá kò gbé e mọ́, àwọn ẹbí ní kí a mú un wá sí Ọ̀fà. Wọ́n ní ohun tí ojú Maiduguri ti rí tó gẹ́ẹ́, kí ìyá àgbà má tún máa sáré mọ́ bí ìbọn bá dún. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ló ń bà mí lẹ́rù. Kò lè bá a lọ, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí, ọ̀nà ọ̀hún kò sì dára fún adití. Ibi tí àwọn sọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀. Bí sọ́jà bá pariwo pé kí ẹnìkan dúró, tí ẹni náà kò sì gbọ́... Mi ò fẹ́ parí gbólóhùn yẹn. Mo mọ̀ pé bó bá rí Màmá níbi tó ti ń di ẹrù, ilé máa gbóná. Mo ro ẹkún rẹ̀, mo ro igbe tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́. Mo pinnu pé màá fi ọgbọ́n ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, mo rán àbúrò mi lọ sí Fori kó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ mi fa wáyà. Mo sọ fún Màmá pé kò ní pẹ́ dé. Màmá jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò wọ ọkọ̀.

"Mo máa dúró dè é. Ọmọ mi ò gbọdọ̀ dé kó má bá mi nílé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́bà ò lè dúró. Ọ̀nà jìn, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà pa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Màá ṣàlàyé fún un."

"Kí lo máa sọ fún un?"

"Màá sọ pé ẹ fẹ́ dúró."

Ó dìde lórí àpótí, ó wá wọ ọkọ̀. Lọ́sàn-án, àbúrò mi dé pẹ̀lú erùpẹ̀ Fori lára, ó bá ẹní Màmá ní kíká lẹ́bàá ògiri. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan yọ̀ lórí èkejì fún un. Ó gbé ìkúùkù lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì béèrè: kí ló dé tí kò dúró dè mí? Mo dá a lóhùn pé Màmá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pé kò fẹ́ rí ẹkún rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ ju pé èmi ni. Kò sunkún rárá. Ó ní òun fúnra òun máa bi í.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, kí òun fi ọwọ́ òun bi ìyá òun ní ìbéèrè, kí ìyá òun sì fi ọwọ́ rẹ̀ dáhùn.

Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n òun àti Màmá kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, adití kò sì lè gbé fóònù sétí. Èmi ni mo wá di ẹnu fún un, èmi náà ni etí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, màá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá pe Ọ̀fà. Ẹ sì mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe tó bá jẹ́ òbí ló wà lórí fóònù: kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í le. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn á ní a dúpẹ́, dáadáa lòun wà. Bí àbúrò mi bá fi ọwọ́ bínú, tó ní kí n bi Màmá ìdí tó fi sá fún òun, màá sọ fún Màmá pé, "Ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ara òun le." Bí Màmá náà bá ní, "Ṣé o ti sọ fún un pé ìwọ lo ní kí n máa lọ? Ṣé inú ń bí i sí mi?" màá kọjú sí àbúrò mi, màá fi ọwọ́ sọ pé Màmá ń kí ọ.

Ó máa ń wo ẹnu mi. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn tó. Bí mo bá gbọ́ Màmá pẹ́, tí ohun tí ọwọ́ mi sọ wá kúrú, á tẹjú mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, á sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin ẹbí wa tó ń tọ́jú Màmá l'Ọ́fà ní fóònù tó ń gbé àwòrán, a sì gbìyànjú rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ti Ọ̀fà dára. Ti Gomari ni kò dára. Ẹni tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ kò lè mọ ìṣòro yìí, torí bí àwòrán bá gan, ohùn á ṣì máa wọlé ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ lo fi ń sọ̀rọ̀, bí àwòrán bá ti gan, o di odi nìyẹn. Màmá á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwòrán á sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí sọ́jà ní kó gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó bá fi máa mira, Màmá ti sọ̀rọ̀ tán, ó ń retí èsì. Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́fà, àbúrò mi dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì. Ó nàka sí wáyà wa tó gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wáyà dúdú tó nípọn bí ìka, ó sì bi mí bóyá wáyà yẹn kò lè gbé Màmá wá.

Mo ní ó lè gbé e wá. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Alhaji pè mí sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ti rí owó tí a máa fi pààrọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe: yálà kí a sọ tẹlifíṣọ̀n wa di díjítà, tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun gan-an ló kọ́kọ́ dárúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ o.

"Àwọn ọmọ mi ní ibẹ̀ layé ń lọ," ó ní lédè Hausa. "Toh, Injiniya, kí lo rí sí i?"

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹnu mi. Mo sì la ẹnu náà.

"Alhaji," mo ní, "tẹlifíṣọ̀n dà bí ìpè ìrun láti mọ́sálásí. Ẹnìkan ló ń pè é, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Bí ọgọ́rùn-ún ilé bá tún kún wa, ohùn ò ní dín. Ṣùgbọ́n omi inú táńkì ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń fa tirẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, á máa kán tó-tó-tó, àwa ni wọ́n sì máa wá bú."

Ó mi orí. Mo tẹ̀síwájú. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn àpótí tó ń fún wáyà lágbára lórí òpó, apá kan ṣoṣo ni wọ́n kọjú sí: láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ilé oníbàárà. Tẹlifíṣọ̀n kò retí kí ẹnikẹ́ni fèsì. Íńtánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, bí ilé kò bá lè fèsì, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà gbogbo àpótí la máa sọ̀ kalẹ̀ pátá. Mo rán an létí àwọn tó ń jí wáyà so ní ẹ̀yìnkùlé. Tẹlifíṣọ̀n lè fara da ìsopọ̀ jákujàku wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi lè la ọ̀nà àbọ̀, ariwo inú gbogbo ìsopọ̀ yẹn ló máa ya padà bá wa ní ọ́fíìsì. Ojú ọ̀run la ti ń mú àwòrán, kò sí ẹni tó lè fi kátakátà hú u. Ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ àwọn ńláńlá la ti máa yá a, wáyà tiwọn sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ọjọ́ tí wọ́n bá hú u ní ibi tí a kò mọ̀, àwa ni ojú máa tì. Mo wá bi í pé, ta ló tiẹ̀ ti wá sí ọ́fíìsì rí láti béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì? Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń béèrè, àti fíìmù Hausa, wáàsí, àti eré tí wọ́n fi ń tan ọmọ kó lè jẹun.

"Haka ne," Alhaji ní, pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ilé oníyàrá ni inú wáyà," mo ní. "Bó ṣe wà yìí, ìkànnì kan ń gba odindi yàrá kan. Bó bá di díjítà, ìkànnì mẹ́wàá á sùn nínú yàrá kan, yàrá á sì ṣẹ́kù. Inú èyí tó bá ṣẹ́kù la máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì sí lọ́jọ́ iwájú."

Gbogbo oníkébù tó mọṣẹ́ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá bi í, ì báà jẹ́ ní Maiduguri, ì báà jẹ́ níbòmíràn. Ẹ lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìdí wọ̀nyẹn sílẹ̀ ni ara ń tù mí, ara kì í sì í tu èèyàn bẹ́ẹ̀ nítorí àpótí orí òpó. Ìdí kan wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn tí mi ò sọ fún Alhaji. Wáyà tó ń lọ tí kì í bọ̀ wù mí. Ẹ̀rù ọjọ́ tí ọwọ́ Màmá máa wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ń bà mí.

A di díjítà. A pín dekódà káàkiri, inú gbogbo èèyàn dùn. Yàrá ṣẹ́kù lóòótọ́ bí mo ṣe wí, ṣùgbọ́n lóṣù kan ẹnìkan á fẹ́ ìkànnì wáàsí mìíràn, lóṣù kejì àwọn ọ̀dọ́ á fẹ́ ìjàkadì, a ó sì fi í sínú yàrá kan. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí kì í ṣàìrí àlejò. Èmi ni mo ń fi wọ́n síbẹ̀. Mo mú dekódà kan fún àbúrò mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo so ó fún un, mo fi ìkànnì bọ́ọ̀lù hàn án, torí ojú nìkan ló gbà. Ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó tú u, ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa bí ẹni ká òwú, ó sì gbé e padà wá sórí tábìlì mi. Ó nàka sí dekódà, ó fi ìka ṣe bí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ó kọjú ìka náà sí ara rẹ̀, ó wá di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn: wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣáá, ọwọ́ tèmi sì wà ní dídì. Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí ẹ̀rín yẹn jì mí.

Ẹ wá gbọ́ ti ogójì ìṣísẹ̀. Dekódà díjítà kì í ṣiṣẹ́ tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ìforúkọsílẹ̀ yẹn sì ń fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a ti di díjítà ni íńtánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá ti wà nínú ọ́fíìsì wa, lórí tábìlì mi. Mo lè fa wáyà kan láti ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi láìbi Alhaji. Mo tilẹ̀ lè pè é wá sórí àga mi. Mi ò ṣe é. Bó bá wọlé wá kí mi, màá pa kọ̀ǹpútà dé. Òjò ọdún méjì rọ̀, ó sì dá, lórí ogójì ìṣísẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin Ọ̀fà pè mí, kò ní kí n má jáyà, mo sì ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Bọ̀dá, ara Màmá ò yá o. Wọ́n ti dé láti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún wọn ti rọ. Kò gbé mọ́."

"Ẹnu wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò já geere bíi ti tẹ́lẹ̀."

Inú ẹlòmíì ì bá dùn pé ìyá òun ṣì lè sọ̀rọ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí dekódà, mo sì sunkún, torí mo mọ ẹni tí kì í ṣe ẹnu ni ìyá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dìde, mo mú wáyà àti òòlù. Ọ̀sán kan péré ni iṣẹ́ náà gbà mí. Mo gba ara ògiri lọ, kò tilẹ̀ sí òpó kankan láàárín. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú tẹ̀ lé wáyà náà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà dé ọ́fíìsì wa. Ó bi mí bó ti pẹ́ tó tí nǹkan yìí ti wà níbẹ̀. Mo ní kò pẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Ọ̀fà. Àwòrán náà mọ́ débi pé mo rí eṣinṣin tó bà lé ìrọ̀rí Màmá. Wọ́n ti gbé e jókòó, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Bó ṣe rí ojú ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan ló dìde. Àbúrò mi rí i. Lẹ́yìn náà, ó fi ìkúùkù lé àtẹ́lẹwọ́, jẹ́jẹ́, ó sì bi í ní ìbéèrè tó ti gbé mọ́ra láti ọjọ́ erùpẹ̀ Fori: kí ló dé tí o kò dúró dè mí?

Màmá di ìkúùkù ọwọ́ òsì. Ó wá àtẹ́lẹwọ́ tó máa gbé e lé, kò rí i. Ó tún gbìyànjú rẹ̀, ìkúùkù náà bọ́ sórí itan. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì fi ẹnu ké sí mi.

"Sọ fún un. Sọ fún un pé mo jókòó sórí àpótí mi. Pé mo ní mo máa dúró, ìwọ lo ní kí n máa lọ. Pé o ṣèlérí fún mi pé wàá sọ. Ṣé o sọ ọ́? Ọmọ mi, ṣé o sọ ọ́ fún un?"

Àbúrò mi yí ojú sí mi, ó ń dúró de ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ wúwo mi sókè. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí n lè ṣe é. Ohun tí ọwọ́ mi wá sọ ni pé Màmá ń bẹ̀ ọ́, ó ní kí o má bínú.

Ó wo ẹnu Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó wo ọwọ́ mi tó ti sọ tán. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, pé ó tó, kí n má ṣe é mọ́. Màmá rí i láti Ọ̀fà. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó mú etí ara rẹ̀, ó sì fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo rí i lójú àbúrò mi bó ṣe ń di odindi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ó sì nàka sí ilẹ̀kùn. Mo jáde, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti inú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì sí ohun tí mo lè gbọ́.

Kì í bá mi jà. Ó ń kí mi ní àárọ̀, ó ran fìlà tuntun fún mi fún ọdún Iléyá. Ṣùgbọ́n kò tún ní kí n wá jókòó ti òun lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni òun àti Màmá ń sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n sì ti tún èdè wọn ṣe: gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ méjì tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ọ̀nà láti fi ọwọ́ kan sọ ọ́, òun náà sì ń fi ọwọ́ òsì sọ tirẹ̀ kó lè bá ti ìyá rẹ̀ mu. Èmi kò gbọ́ ọ mọ́. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, níbi tí wáyà mi gbà wọlé, kí n wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ ni orúkọ mi. Mo ti dúró níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì tíì rí i kí ẹnikẹ́ni nínú wọn fa etí.